Ọ̀gá Yìnyín àti Ìgò Sínáàpù Bàbá Wobbe

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí Hiske Bouwinga, ó dojú bolẹ̀ gbalaja lórí odò tó ti dì, ó fi etí ọ̀tún lé yìnyín, ó sì na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró sójú kan. Ọjọ́ kẹta mi ní Skerpwert, abúlé kan ní ilẹ̀ òyìnbó, nìyẹn. Ilé-ìwé abúlé náà ni mo ti wá kọ́ àwọn ọmọdé. Mo rò pé obìnrin náà yọ̀ ṣubú ni, mo sì sáré sọ̀ kalẹ̀ láti etí odò.

"Ṣé ẹ fara pa ni?"

"Ẹ dákẹ́ ná," ó dá mi lóhùn láì gbórí sókè. "Ó ń sọ̀rọ̀."

Mo dákẹ́. Lóòótọ́, yìnyín náà ń sọ̀rọ̀. Ohùn kan ń sáré lábẹ́ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi òkúta ta wáyà gígùn kan. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó gbọn ara rẹ̀, ó wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin ni tíṣà tuntun. Bàtà yẹn kò dára fún ibí."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Àpò lẹ́tà ìdajì abúlé ṣì wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà.

Bí mo ṣe mọ Hiske nìyẹn. Iṣẹ́ pínpín lẹ́tà ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ipò tí gbogbo abúlé mọ̀ ọ́n sí ni Ọ̀gá Yìnyín. Ọwọ́ Gosse, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ti gba ipò náà nígbà tí orúnkún Gosse bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kò sí owó nídìí ipò ọ̀hún. Irin ìdáhò kan, ìwé ìkọsílẹ̀ kan, àti ẹ̀tọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí Ọ̀gá Yìnyín bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo Skerpwert àti abúlé méjì tó múlé tì wá á so bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín mọ́ ẹsẹ̀, wọn á sì fi yíyọ̀ rin ìrìn abúlé mẹ́ta, kìlómítà ọgbọ̀n lórí odò. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, wọn á tẹ òǹtẹ̀ lu káàdì rẹ. Ẹni tó bá ní òǹtẹ̀ mẹ́ta á gba àmì irin kékeré kan, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń kàn mọ́ ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó wọn.

Ọdún kejì tí Hiske gba ipò ló ti ní orúkọ ìnagijẹ. Yìnyín nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Òfin ẹgbẹ́ sì sọ pé méjìlá. Hiske ní kò tíì tó. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà gba ojú odò lọ, wọ́n rin ìrìn abúlé mẹ́ta dé ìparí, wọ́n sì wá dúró lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, wọ́n ń mu ṣokoléètì gbígbóná, wọ́n ń ju ọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó rì. Ọjọ́ kẹta, òjò dé, yìnyín yọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Hiske Kò-Tíì-Tó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi gan-an máa ń sọ ọ́ bí mo bá ní kí wọ́n dúró de aago: "Ẹ̀yin náà ti di Kò-Tíì-Tó, tíṣà!"

Mo bi í nígbà kan bóyá orúkọ náà ń dùn ún.

"Orúkọ kì í fọ́ lábẹ́ ènìyàn," ó ní.

Lẹ́yìn náà ni òtútù sá lọ fún wa. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá láìsí ìrìn abúlé mẹ́ta kankan. Mo ti di akọ̀wé ẹgbẹ́ yìnyín nígbà yẹn, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ́, wọ́n ní. Lọ́dọọdún, mo máa ń kọ ìlà kan náà sínú ìwé: "Kò sí yìnyín." Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní á-bí-dí parí ilé-ìwé, wọ́n lọ sí ìlú ńlá, wọn kò rí òǹtẹ̀ kan rí.

Nígbà tí òtútù wá dé, òjijì ló dé. Afẹ́fẹ́ yí sí ìhà ìlà-oòrùn lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, odò ti ru yìnyín dúdú tó ń dán bí dígí. Ojú gbogbo ènìyàn yí padà. Rienk Algra, búrẹ́dì ló ń ṣe, òun sì ni alága ẹgbẹ́, kò lè dúró sójú kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́.

"Hiske, mélòó ni?"

"Mẹ́fà."

Ní ọ̀sán: "Hiske, mélòó ni báyìí?"

"Rienk, wákàtí mẹ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Yìnyín ni, kì í ṣe ìyẹ̀fun rẹ tó ń wú."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni Bàbá Gosse. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ìgbà mọ́kàndínlógún ló ti parí ìrìn náà, àmì irin mọ́kàndínlógún ló wà lára ògiri rẹ̀, ìṣó ogún ló sì kàn síbẹ̀. Ìṣó kan ṣófo fún ọdún mẹ́rìnlá. Bí wọ́n bá gbé kọfí fún ọ nílé rẹ̀, tí wọ́n fún ọ ní bisikíìtì rẹ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì pa agolo bisikíìtì dé, ìṣó yẹn ni ojú rẹ á máa wò. Dókítà ti sọ fún un pé kí ó má fi ọkàn sí ọdún tó ń bọ̀. Ó sọ fún Hiske níṣojú mi, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́: "Èyí ni tèmi. Òmíràn kò sí."

"Mi ò lè fi ọjọ́ orí yín wọn yìnyín, Bàbá," Hiske ní.

"Ta ló ní kí o fi wọ̀n ọ́n? Èmi ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, ọmọ yìí."

Ní ilẹ̀ wa yìí tó rẹlẹ̀ ju òkun lọ, omi kì í dá lọ. Ẹ̀rọ ló ń fà á jáde nínú odò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú yàrá ni màlúù àti ènìyàn á ti máa lúwẹ̀ẹ́. Ìdí nìyí tí àṣà kan fi wà tó ti pẹ́ ju gbogbo wa lọ. Bí yìnyín bá ti ń dì, Ọ̀gá Yìnyín á gbé ìgò sínáàpù kan lọ sílé ẹni tó ń tọ́jú ilé ẹ̀rọ. Ẹni náà á gba ìgò, á ní, "Ó ti dára," á sì fi fìlà rẹ̀ kọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án. Títí yìnyín á fi yọ́, ẹ̀rọ kò ní fa omi. Nítorí pé yìnyín kò lè dá dúró. Omi ló gbé e lé orí. Bí a bá fa omi kúrò lábẹ́ rẹ̀, á kàn fi etí kọ́ bèbè méjèèjì bí òrùlé tí kò ní òpó.

Bàbá Wobbe Tamminga ló ń tọ́jú ilé ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Hiske ra ìgò kan, ó ní kí n sin òun lọ kí ó lè wà nínú ìwé. Bàbá Wobbe jáde sí wa pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ búlúù rẹ̀. Ó di ìgò náà mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Ọdún mélòó nìyí, Hiske?"

"Ó pẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá a dúró."

Ó wo ìgò, ó wo ilé ẹ̀rọ lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó tún wo ìgò.

"Ó ti dára," ó ní.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ̀rọ dúró.

Ní ọjọ́bọ̀, yìnyín pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlá. Hiske dá ihò mẹ́tàdínlógún sí ojú odò, láti abúlé dé abúlé, ó sì kọ iye gbogbo wọn sílẹ̀. Ní alẹ́, ẹgbẹ́ pàdé nínú kíláàsì mi, àwọn àgbàlagbà jókòó lórí àga àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Rienk ní àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ sọ pé òjò ń bọ̀ lálẹ́ Sátidé. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló wà.

Gbogbo ojú yí sí Hiske. Ó ka ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á.

"Sátidé," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ariwo tí wọ́n pa jí ajá gbogbo àdúgbò. Ẹnì kan kígbe pé: "Kò-Tíì-Tó ti kú! Ó-Ti-Tó ló kù!" Mo rí i tí Hiske rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ó tọ́ sí i.

Ìfẹ́ tí mo ní sí ètò ló jẹ́ kí n bá a jáde ní àárọ̀ Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Òfin sọ pé a gbọ́dọ̀ tún yìnyín wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ níbi tí mo ti kọ́kọ́ rí i, ní ìsàlẹ̀ afárá, ó gbé etí lé e. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Tíṣà, ẹ fi bàtà yín gbá a."

Mo gbá a. Ó dún bí àgbá òfìfo.

Ó gbé irin ìdáhò rẹ̀, ó yí i, ó yí i, títí ó fi yọ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti dá ihò sí yìnyín rí mọ̀ pé bí irin bá ti yọ, omi á sáré gòkè wá bá ọ nínú ihò náà. A dúró. Omi kò wá. Ihò náà gbẹ. Hiske ki igi ìwọ̀n rẹ̀ bọ ibẹ̀: yìnyín sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlá, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ tó ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí igi tó kan omi.

"Wọ́n ti fa omi," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Àná, ní gbogbo ọjọ́, wọ́n ti ń fa omi."

Ọ̀dọ̀ Bàbá Wobbe la gbà lọ tààrà. Ó wà ní ilé ìdáná, ó ti múra, fìlà wà lórí rẹ̀. Ìgò náà wà lórí tábìlì, kò tíì ṣí i.

"Bàbá, ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́."

Bàbá Wobbe yọ fìlà, ó gbé e sórí orúnkún.

"Ṣé ẹ kò fi fìlà kọ́ ọ ni?"

"Kò sí ọwọ́ ẹ̀rọ tí mo lè fi fìlà kọ́ mọ́, Hiske. Ó ti pé ọdún méje tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ náà ló ń dá ara rẹ̀ tàn. Bí omi bá kún dé ìwọ̀n kan, á fà á. Ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì ní ìlú ńlá, nínú kọ̀ǹpútà ló ti ń wò ó."

"Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń rí yín níwájú ilé ẹ̀rọ yẹn!"

"Koríko ni mò ń kó kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó rán mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi gba ìgò?"

Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "O ti gbé e wá," ó ní. "Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ bàbá bàbá rẹ. Mo rò pé òtútù náà á mú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kò ní rí omi fà. Mo jókòó síbí láti àná, mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń fà á."

Mo retí pé Hiske á bínú. Ó kàn dúró, ó ń wo ìgò náà bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi í bóyá ó ní nọ́ńbà ọ́fíìsì yẹn. Ó ní in, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló gbé fóònù, ó sì fi ọ̀wọ̀ dáhùn: kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí wọn pé yìnyín ń bẹ, àwọn á pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí omi tó padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú.

Ilẹ̀ á ti ṣú, òjò á sì ti dé.

Ní aago mẹ́jọ àbọ̀, ó tó irínwó ènìyàn tó wà létí odò. Ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀wà Rienk ti ń hó lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, sọ́séèjì ń léfòó lójú rẹ̀. Bàbá Gosse jókòó sórí àpótí kan, ó ti so okùn bàtà onírin rẹ̀ ní ìso mẹ́ta. Hiske gun orí àtẹ̀gùn afárá.

"Ìrìn abúlé mẹ́ta kò ní wáyé," ó ní. "Omi ti sá kúrò lábẹ́ yìnyín."

Gbogbo wọn bú sí igbe ìbínú.

"Ọjọ́bọ̀ lo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni!"

"Kò-Tíì-Tó ti jíǹde o!"

"Mẹ́rìnlá ni! O kọ ọ́ sílẹ̀, mẹ́rìnlá! Màlúù lè rìn lórí mẹ́rìnlá!"

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin díẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Rienk na ọwọ́ dá wọn dúró, ṣùgbọ́n Hiske lòun kọjú sí.

"Ta ló fa omi? Ṣé o kò lọ sọ́dọ̀ Bàbá Wobbe ni?"

Mo wo Bàbá Wobbe. Ó wà lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, láìsí fìlà. Hiske kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

"Mo lọ," ó ní. "Ọ́fíìsì ni ó yẹ kí n pè, mi ò pè wọ́n. Ẹ̀bi mi ni."

"Ọdún mẹ́rìnlá, Hiske! Ọdún mẹ́rìnlá!"

"Rienk, sọ̀ kalẹ̀ wá síbí."

Hiske ti fi ayùn fẹ ihò náà tó fi gba apá. Rienk kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú yìnyín náà dé ìgbọ̀nwọ́. Gbogbo ènìyàn ń wò ó. A rí i tó ń fi ọwọ́ wá nǹkan kiri lábẹ́ ibẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹyin lábẹ́ adìyẹ. Ó fa ọwọ́ yọ, ó gbé e sókè.

"Apá aṣọ mi gbẹ," ó ní, bí ẹni pé kò gba ara rẹ̀ gbọ́.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà padà sórí bèbè. Ohun tó burú jù fún mi ni bí irínwó ènìyàn ṣe ń wo bàtà ara wọn.

Bàbá Gosse ló sọ̀rọ̀. "Mo ti so okùn mi," ó ní. "Orúnkún mi kò ní jẹ́ kí n tún un so. Pápá àwọn ọmọdé ńkọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ilé-ìwé ni pápá náà wà, ilẹ̀ koríko tí a máa ń da omi sí ní oṣù kejìlá, tí àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin fi ń ti àga ilé ìdáná kiri lórí yìnyín kí wọ́n má baà ṣubú. Kò sí àgbà kan tó máa ń lọ síbẹ̀ láìní ọmọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Hiske kò rẹ́rìn-ín. "Omi ibẹ̀ kò dé orúnkún," ó ní. "Ilẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á." Ó yíjú sí mi. "Tíṣà, yíká rẹ̀ kan, mélòó ni?"

"Irínwó mítà."

"Kìlómítà ọgbọ̀n jẹ́ ìyí márùndínlọ́gọ́rin níbẹ̀."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Mo gbé pátákó ìkọ̀wé jáde láti kíláàsì, àwọn ọmọ mi sì ń fi ẹfun ṣàmì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá. Àwọn tó ń sáré jù bínú ní ìyí mẹ́wàá àkọ́kọ́, wọ́n ní ó dà bí kí ẹṣin máa yí òpó ká. Nígbà tó di ọgbọ̀n, wọ́n ti ń bá àwọn aládùúgbò tí wọn kò kí láti ọdún méjì sẹ́yìn sọ̀rọ̀, nítorí pé ojú kan náà ni o máa ń bá pàdé ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bàbá Gosse gba àga ilé ìdáná kan lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́dún márùn-ún. "Yá mi," ó ní fún ọmọ náà. "Ìwọ ṣì ní àkókò." Ó ń ti àga náà lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀ lọ geere, kò kánjú.

Ibi ìkòkò ọbẹ̀ ni Bàbá Wobbe ti wá sọ̀rọ̀. Ó gbé ìgò náà lé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì dúdú, níwájú Rienk àti gbogbo àwọn tó ń jẹun.

"Hiske gbé èyí wá fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní. "Mo gbà á. N kò ní ẹ̀rọ tí mo lè dá dúró, mo sì gbà á. Èmi ni mo jẹ yín ní gbèsè yìnyín, kì í ṣe òun."

Rienk bu ọbẹ̀ kún abọ́ kan, ó gbé e fún un.

"Ẹ jẹun ná, Bàbá," ó ní. "Ẹ lè jẹ wá ní yìnyín títí di ọdún tó ń bọ̀. Yóò wà níbẹ̀."

Rienk wá lọ bá Hiske níbi tó dúró sí létí pápá. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Mo rí i pé ó bọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì na ọwọ́, ọwọ́ náà gan-an tó ki sínú ihò, Hiske sì gbà á.

Bàbá Gosse dúró ní ìyí kọkànlélọ́gbọ̀n. Ó jókòó sórí àga tó ń tì. Mo ṣírò rẹ̀ fún un: kìlómítà méjìlá àti díẹ̀. Ẹgbẹ́ pàdé lójú ẹsẹ̀, ní ìdúró, wọ́n sì fẹnu kò pé kí a fún un ní àmì irin.

"Rárá o," ó ní. "Pápá nìyí, kì í ṣe abúlé mẹ́ta. Mọ́kàndínlógún ni tèmi."

"Bàbá, ẹ gbà á," Hiske ní. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí omi lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Ẹ jọ̀ọ́."

"Bí mo bá gbà á, ta ló máa gba àwọn tó kù gbọ́? Ìwọ lo sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti tán." Ó na ẹsẹ̀ sí i. "Bá mi tú okùn."

Hiske kúnlẹ̀ lórí yìnyín, ó tú u.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, odò ti ń ṣàn. Bàbá Gosse kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n sì fi ìṣó tó ṣófo sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára ògiri.

Hiske ti fi iṣẹ́ lẹ́tà sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n òun ṣì ni Ọ̀gá Yìnyín. Ilé kejì sí afárá ló ń gbé. Kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí wà nínú ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀, bí ó ti wà nínú ti gbogbo wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, láàárín ọjọ́ ìbí ọmọ àbúrò rẹ̀ àti ti Rienk, nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì omi ló kọ síbẹ̀. Ó ń pè wọ́n lọ́dọọdún pé kí wọ́n má fa omi bí odò bá dì. Lẹ́yìn náà, á gbé ìgò sínáàpù lọ fún Bàbá Wobbe.